Ọ̀rọ̀ Tí A Dá Padà Fún Ẹni Tó Ni Ín

"Ẹ yọ ọ́," ni Aránṣọ wí.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sójú kan nínú apá búláòsì tó ń rán lọ́wọ́. Kò gbé orí sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, tó ń ka ìwé sí i létí, dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Jẹ́jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé báàgì káàkiri, fara ti férémù ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Apá wo ni kí n yọ níbẹ̀?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Gbogbo ẹ̀, Àǹtí. Láti orí dé ìdí. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé èmi ni mo ni ín ni?"

Gbogbo ẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré o. Ìtàn bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ ilé ìtajà tan Aránṣọ kúrò nílé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni, tí wọ́n sì tà á sí òwò nàbì nílùú tí kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Ìtàn bí àwọn ọlọ́pàá ṣe gbà á sílẹ̀ ni, tí wọ́n wá tì í mọ́ ilé ìdáàbòbò, tí ọdún yípo lórí rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ ẹni tó tà á kò tíì parí. Ọmọ ń ṣàìsàn nílé, kò sẹ́ni tó gbà kó lọ wò ó, ló bá fo ògiri. Ó kán lẹ́sẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ka ìtàn náà níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin. Àbádòfin tuntun kan wà nílẹ̀ tó ní gbogbo obìnrin tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò, kí wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé títí ẹjọ́ á fi parí, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ dá a dúró. Ìtàn Aránṣọ nìkan sì ni ẹ̀rí tó ní láti inú ilé náà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn yòókù tó ti gbé ibẹ̀ rí lanu.

Jẹ́jẹ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. Ìtìjú rẹ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìtàn náà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ jáde, tó sunkún lé e lórí. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Kí ló dé, Àǹtí Aránṣọ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wẹ̀yìn wò ó. Ìwò yẹn tó ìbáwí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí," ni Aránṣọ wí. Ó wá gbójú sókè wàyí. "Ọmọ mi ti mọ̀wé kà. Kò sí pátákó ẹ̀bá títì tí kì í kà mọ́. Bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì, á tẹ́ ẹ, á kà á. Lánàá ló ka ara ìgò oògùn mi fún mi, ó ní, 'Màmá, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ lò ó kẹ́ ẹ tún máa wa mọ́tò.' Mọ́tò dà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tètè kúrò lójú rẹ̀. "Àwọn oníwèé ìròyìn á wà níbẹ̀ lónìí, àbí?"

"Wọ́n á wà níbẹ̀."

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣetán."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ojú ewé náà yọ láàárín ìwé tó fẹ́ kà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ jáde, ó sún mọ́ Aránṣọ kó lè rí ibi tí òun ń tẹ̀ láti pa ìtàn náà rẹ́.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ. Kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́."

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣì kù. Ó wà nínú báàgì Jẹ́jẹ́, ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ ìgò omi. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò mú un jáde.

Nínú mọ́tò, ó jẹ́ kí wọ́n kọjá ìkóríta kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yí i padà díẹ̀, mà. Ká sọ ọmọ di àbúrò. Ká sọ aránṣọ di onídìrí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ó ní kí n yọ ọ́. Kò ní kí n wọ aṣọ míì fún un."

"Ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó kù ni, mà. Àìmọye obìnrin ni wọ́n máa tì mọ́lé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró de ọlọ́kadà kan tó ń gba iwájú wọn kọjá. "Ẹni tó ta Aránṣọ náà," ni ó wí pẹ̀lẹ́, "nítorí àwọn tó kù nílé ni òun náà sọ fún un pé ó ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tẹ́ Jẹ́jẹ́ lọ́rùn.

Kì í kúkú ṣe pé kò mọ irú ẹni tí òun ń tẹ̀ lé. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń jókòó ti àwọn obìnrin tí ayé ń gbójú fò: àwọn tí wọ́n tà, àti àwọn tí kò sẹ́ni tó tà wọ́n, tí wọ́n ń ṣe òwò nàbì torí ó sàn fún wọn ju ebi lọ. Kì í pa àwọn méjèèjì pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọlọ́pàá tàbí adájọ́ pa wọ́n pọ̀ níṣojú òun. Ní fásitì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀bá Títì; ó gbọ́ ọ, ó ní ẹ̀bá títì kúkú ni èèyàn ti ń rí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ pàápàá, bí wọ́n bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń kọ́ wọn lọ́hùn-ún, "Ìṣirò ni" ni ìdáhùn màmá. Ọjọ́ tí aládùúgbò kan gbé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ wá pé kí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá òun yanjú rẹ̀ ni àṣírí tú.

Àwọn obìnrin náà ní tiwọn ń pè é ní Àǹtí Elétí. Kò sí ohun tó kọ tí kò kọ́kọ́ lọ kà sétí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Títí di ìgbà tó bá dìde láti kà á fáyé gbọ́, olóhun lè gba ohun rẹ̀ padà. Odindi orí ìwé kan ti bá bẹ́ẹ̀ lọ rí, lọ́dún tí ìgbéga kàn án. Ẹlòmíì bọ́ sórí ipò náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kí i kú oríire. Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an nígbà tó jẹ́ pé ìtàn ni. Lónìí, ó dà bí òkúta nínú bàtà.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ń jò sínú ike ní igun yàrá. Àwọn aṣòfin jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, àwọn akọ̀ròyìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Alábòójútó ilé ìdáàbòbò ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Obìnrin onírun funfun kan ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dan-dan lára rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn tó ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí ń pè é. Ó ní ara àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ òun dá. Ó ní wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, nítorí ààbò wọn ni ilẹ̀kùn sì ṣe ń wà ní títì. Ó sọ ọ́ láìmí, bí ọmọ tó há ìwé sórí. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó kan Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sọ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ fún un nípa ẹ̀rù, nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tan èèyàn, nípa ìdí tí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé kì í fi í fẹ́ jẹ́rìí. Nígbà tó dé ibi tí ojú ewé yẹn ti yọ, ó dúró.

"Ibí yìí ló yẹ kí n ti ka ọ̀rọ̀ ẹnì kan fún yín. Ó gbà á padà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí."

Ariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀rí tó wà láàárọ̀, tí kò sí lọ́sàn-án. Alága, ṣé ìrì ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. "Èyí dùn, agbẹjọ́rò. Màá yá a lò."

Alága kò rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó bèèrè ohun tó bá dùn ún. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé láìsí i, ọ̀rọ̀ yín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Ó ti wà lọ́wọ́ yín. Kí ló dé tí ẹ fi dá a padà?"

"Torí ó mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá fún mi ló ṣe bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ mú un kò fún un láyè yẹn. Ibi tí wọ́n sì tún gbé e lọ lẹ́yìn náà..." Ó gé e níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti fẹ́ máa sọ ohun tí kì í ṣe tèmi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alága yí ojú sí ẹ̀yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n, níbi tí Jẹ́jẹ́ jókòó sí.

"Ìwọ ọmọbìnrin tó di báàgì mọ́yà bí ọmọ jòjòló yẹn. Ṣé ìwé kankan wà lọ́wọ́ rẹ?"

Jẹ́jẹ́ dìde. Ìwé náà wà níbẹ̀, kò ju kó na ọwọ́ lọ. Ó ronú kan àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n máa jí nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lóde. Ó ronú kan ọmọ kan tó ń ka bébà búrẹ́dì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́; ẹyin yìí kì í sì í ṣe ti adìyẹ òun.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe tèmi, sà."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹni náà kò sí níbí, sà."

Agbẹjọ́rò tún ti fẹ́ dìde pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Alága fi ọwọ́ dá a jókòó. "A kì í gba ẹrù olóhun lọ́wọ́ aláàárù, agbẹjọ́rò." Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. "A ó tún jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó mú un wá. Bí kò bá sí, a ó dìbò."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Jẹ́jẹ́ dúró kí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá òun wí.

"Ó ti wà nínú báàgì yẹn láti ṣọ́ọ̀bù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó wúwo, àbí?"

"Ó wúwo, mà."

"Kì í fúyẹ́ o. Ó kàn pẹ́ tí mo ti ń gbé e ni." Ó na ọwọ́, ó tún kọ́là búláòsì Jẹ́jẹ́ tó ká sínú ṣe. "Kí ó tó pa ṣọ́ọ̀bù dé, lọ fi fún un." Àwọn akọ̀ròyìn ti ń pè é láti ẹnu ọ̀nà. Ó lọ bá wọn.

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàtà funfun méjì dúró níwájú rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni.

"Ọmọ mi. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà yẹn. Ṣé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn dáadáa?"

Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹsẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

"Mi ò lè sọ nǹkan kan fún yín, mà. Ẹ má bínú."

"Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí, mà. Ojú á kàn tì mí lásán, mi ò sì ní sọ ọ́."

Obìnrin náà mi orí. Kò bínú, ó tilẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wí níbẹ̀. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ fún un lónìí, tí ẹ̀rù bá wá dé lọ́la, ṣé lóòótọ́ ló lè gbà á padà?"

"Títí wọ́n á fi dìde láti kà á, mà."

"Kódà bí gbogbo ayé bá ń dúró dè é?"

"Ẹ ti rí i lónìí, mà."

Ó ti pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ ti ń rò pé ìbéèrè ni Àǹtí Elétí mọ̀ ọ́n bi, pé ọgbọ́n ẹnu ni òun ń kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọwọ́ obìnrin yìí, ọwọ́ tó ti ń ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́. Òun kò sì tíì bi í ní ohun kan, síbẹ̀ ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

Kò wá bírò. Kò mú fóònù. Ó gbé báàgì kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sún fún un.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jókòó.

"Ògiri yẹn," ni ó wí, "kò ga tó báyìí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó fò ó ni wọ́n gbé e sókè."