Eruku Eyín Ayùn

"Sìgá ni kó o sọ pé ó fa àìsàn yìí," Rida wí, kò gbójú kúrò lójú títì. "Sọ fún wọn pé láti kékeré lo ti ń mu ún."

Monsef jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Mímí nìkan ti tó iṣẹ́ fún un. Sihem, ìyàwó rẹ̀, gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń wo ìpàkọ́ Rida, ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀. Rida ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Rida náà ló gba Monsef síṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń pọ́n ayùn fáwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Sfax. Eyín ayùn wọ̀nyẹn le ju irin lásán lọ. Bí òkúta ìpọ́nrin bá ti kàn án, eruku dúdú á bo gbogbo ibẹ̀. Monsef a gbé e wálé nínú irun, Sihem a sì máa ráhùn nítorí ìrọ̀rí rẹ̀ tó ń dọ̀tí.

Rida ní bí àwọn dókítà bá fi lè kọ ọ́ pé iṣẹ́ ló fà á, ìjọba á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní bí wọ́n bá sọ pé sìgá ni, òun ò ní jẹ́ kí ebi pa wọ́n nílé. Monsef ti gbà. Ó ti sọ fún Sihem lánàá pé òun ò fẹ́ kú kóun fi ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì.

Nílé ìwòsàn, dókítà, obìnrin kan, gbé fọ́tò àyà Monsef sójú iná, ó wá bi í bóyá ó ń mu sìgá. Monsef la ẹnu, ikọ́ sì gbá a mú.

Ikọ́ gbígbẹ náà rán Sihem létí Habib, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tó ti gba iṣẹ́ ìdí òkúta ìpọ́nrin lọ́wọ́ Monsef. Òun àti Habib pàdé níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì ní Jímọ̀ tó kọjá. Habib wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òtútù ni. Báyìí gan-an ni ti Monsef ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Kò mu sìgá rí," Sihem wí. "Ayùn ló ń pọ́n, láìsí ìbòmú, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi."

Monsef wò ó. Kò bá a jiyàn.

Rida ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ni Monsef sọ.

"Èmi ni mo sọ òótọ́ fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Habib dìde nídìí òkúta yẹn lónìí."

Rida yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì lọ. Monsef fara ti ògiri.

"Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá wá mọ́... ta ni á wá kí ọ... lọ́jọ́ ọdún?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délé," Sihem wí, ó sì bọ́ sójú títì láti dá takisí dúró.