Ìyá Mi Ṣi Ilé Yà

Títí, inú fíìmù tí a jọ wò lánàá ni mo bá ara mi lójú àlá. Ilé ńlá àwọn òyìnbó yẹn, láàárín igbó. Wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n tan àbẹ́là yíká, wọ́n ń pe òkú. Èmi náà wà láàárín wọn, aṣọ dúdú bò mí lójú.

Àfi bí ìyá mi ṣe wọlé! Súẹ́tà tó wọ̀ ní ọsíbítù ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bọ́ sílípáàsì sẹ́nu ọ̀nà.

"Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ mi dà?"

O ṣáà mọ̀ pé bí òkú bá peni lójú àlá, a kì í jẹ́. Mo dákẹ́.

Ló bá kúnlẹ̀ fún àwọn òyìnbó náà. "Ẹ má bínú. Mo ṣi ilé yà ni."

Mo jí, mo ń jẹ́ "Mà! Mà!" Kò pè mọ́, Títí.