Òòyà Kan fún Orí Mẹ́ta

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe onídìrí náà, nítorí pé ọmọdé kì í sunkún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga mẹ́ta, àpótí ìjókòó kan fún àwọn ọmọdé, àti jígí gígùn kan tí igun rẹ̀ ti sán. Màmá Aránṣọ tó ni ilé ń ránṣọ ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn kan ló sì wà láàárín wọn. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń kùn lọ́hùn-ún, jígí a máa gbọ̀n níhìn-ín.

Onídìrí yìí ní òfin kan tó fi ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá ti jókòó síwájú òun kò gbọdọ̀ dìde láìdìrí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin náà lé e lọ́wọ́. Bí funfun bá ń bọ́ lára orí, kó fi òróró pa á. Bí irun iwájú bá ti ń sá sẹ́yìn, kó fa ti àárín bò ó. Bí kókó wẹ́wẹ́ bá sú sí etí irun, kó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Iṣẹ́ tiwa ni kí orí dára lójú," ni ọ̀gá náà máa ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe orí, kó lọ bá dókítà."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi tẹ̀lé òfin náà. Kò sí oníbàárà tó rojọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Tíńtín wá jókòó sórí àpótí. Ọmọ-ọmọ Màmá Aránṣọ ni, ọmọ ọdún méje. Oṣù rẹ̀ kò pé tí wọ́n fi bí i, orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi pè é lọ́jọ́ náà ló sì mọ́ ọn lórí.

"Àǹtí, orí ń yún mi."

"Ta ni orí kì í yún? Irun ló ń hù. Jókòó dáadáa."

"Àárín nìkan ló ń yún mi."

"Àárín ló fẹ́ kọ́kọ́ hù nìyẹn."

Tíńtín rẹ́rìn-ín. Onídìrí ya irun náà sí méjì, ó sì rí ohun tó ń yún un. Lókè àtàrí ni, ó rí roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó funfun bí ẹni pé wọ́n ku eérú sí i. Irun inú rẹ̀ ti kán mọ́ ìdí, ó ku tótòtó dúdú bí àmì ẹnu bírò. Ó wò ó títí, ó sì pè é ní dáńdírọ́ọ̀fù. Ó fi eyín òòyà ha funfun náà kúrò, ó fi òróró pa ibẹ̀ dáadáa, ó sì di irun tó yí i ká bò ó. Nígbà tó parí, ojú kankan kò lè rí i. Ó nu òòyà mọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì pe ọmọ tó kàn, ìyẹn ọmọ olùkọ́ tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ obìnrin tó ń ta bàtà. Òòyà kan náà ló fi ya orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójijì.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀! Sáré wá wo nǹkan!"

Màmá Aránṣọ ti tú irun ọmọ náà. Bọ́tìnnì ti di kókó. Ó wú tó ìdajì ọsàn, ó rọ̀, ọyún sì ń yọ ní ojú ihò mẹ́rin márùn-ún. Màmá fi ìka méjì mú irun díẹ̀ lórí rẹ̀, irun náà bá a wá wọ́ọ́rọ́ láìfà á. Kókó wẹ́wẹ́ méjì tún ti so sí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà. Tíńtín kò sunkún. Ó kàn tẹ orí sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi.

"Eéwo ni," ni Màmá wí. "Mo ti ránṣẹ́ pe Oníkẹ́míìsì."

Kò pẹ́ tí Oníkẹ́míìsì dé, ọkùnrin gíga kan tó ń ta oògùn, tó sì máa ń súfèé tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì ìránṣọ, ó to òwú àti sípírítì sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bébà tó wà lára abẹ.

"Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú," ó wí.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó gé e," ni onídìrí wí.

"Kí ló dé? Eéwo tó ti pọ́n, ṣé ká máa wò ó níran ni?"

"Ìyáàfin onídìrí," ni Oníkẹ́míìsì wí, "irun ni tiyín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi."

"Ibi tí irun ti ń hù lẹ fẹ́ gé yẹn."

"Mo ti ń la eéwo kí ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń di òòyà mú."

"Mélòó nínú wọn ló wà lórí?"

Oníkẹ́míìsì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó rẹ òwú sínú sípírítì. Màmá Aránṣọ ti na ọwọ́ méjèèjì láti di ọmọ náà mú.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tú gèlè orí rẹ̀. Gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ ló rò pé nítorí ẹ̀sìn ni kì í fi ṣí orí. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn. Ní ìpàkọ́ rẹ̀, ojú kan wà tó tó ẹnu ife tíì, tó pá, tó ń dán, tí irun ẹyọ kan kò sí níbẹ̀.

"Eéwo tí wọ́n là fún mi nìyí," ó wí. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni. Àǹtí bàbá mi ló mú abẹ dání, ènìyàn mẹ́rin ló dì mí mú, méjì lápá, méjì lẹ́sẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé mi lé ní ìṣó kan tó yọ orí. Wọ́n ní tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irun á hù. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Màmá Aránṣọ wo ìpàkọ́ rẹ̀, ó wo orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ padà.

"Ẹ ká abẹ yín, bàbá," ni Màmá wí. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Tó bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má pè mí o."

"Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún rèé. Ẹ máa súfèé yín lọ."

Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin fún wákàtí méjì kí wọ́n tó pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló yẹ orí náà wò, obìnrin sísanra tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó tan iná kékeré sí i, ó fi ẹ̀mú kékeré fa kùkùté irun mélòó kan sínú bébà, ó sì pa bébà náà dé.

"Ẹ ò fi abẹ kàn án?"

"Ó kù díẹ̀, mà," ni Màmá wí.

"Ẹ dúpẹ́. Kì í ṣe eéwo. Làpálàpá orí ni, ara ọmọ ló ń bá a jà tó fi wú báyìí. Àwọn àgbà ní wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹ̀yin fi làpálàpá sílẹ̀, ẹ ń pa eéwo tí kò sí."

"Irun ibẹ̀ ń kọ́?"

"Bí ìdí irun kò bá tíì kú, á hù. Bí ẹ bá là á, tàbí tí àrùn náà bá lọ tó tún padà wá, n kò lè ṣèlérí. Ta ló ń di irun rẹ̀?"

"Ẹni tó jókòó tì mí yìí ni," ni Màmá wí. Ó fi ọwọ́ lé èjìká onídìrí. "Òun ló gbà á lọ́wọ́ abẹ. Kò sí ọlọ́wọ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo òpópónà wa."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ṣé òòyà kan náà lẹ fi ń ya orí gbogbo ènìyàn?"

Ọwọ́ Màmá ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ì bá rọrùn fún onídìrí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní lọ yẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n òòyà náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀, Tíńtín á sì padà wá jókòó sí abẹ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kan náà ni. Mo rí i nígbà tó ṣì kéré, ó rí roboto, irun ti kán nínú rẹ̀. Mo ha á, mo fi òróró pa á, mo sì dì í bò. Mo fi òòyà ọ̀hún ya orí ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀."

Màmá Aránṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká onídìrí, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò bínú, kò sì tù ú nínú. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ti ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún. Dáńdírọ́ọ̀fù a máa tàn ká orí, kì í kán irun. Ṣampúù tó dáa á kápá rẹ̀. Ohun tó bá rí roboto lórí ọmọdé, tí irun sì ń kán níbẹ̀, òróró kì í wò ó sàn, ìpara kò sì dé ìdí irun tó wà. Hóró oògùn tí dókítà bá kọ ni kí ọmọ máa lò lẹ́yìn oúnjẹ lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí wọ́n má ṣe dá a dúró nítorí pé irun ti ń yọ. Kí gbogbo ará ilé fi ṣampúù tí wọ́n bá fún wọn fọ orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yá ẹnikẹ́ni ní òòyà, fìlà tàbí gèlè.

"Àwọn ọmọ méjì yẹn ń kọ́?" ó bèèrè níkẹyìn.

"Mo mọ ilé wọn," ni onídìrí wí.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà, Tíńtín fẹ́ mọ̀ bóyá hóró oògùn náà dùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ sí ilé olùkọ́. Orí ọmọ ibẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kó jókòó. Lórí ọmọ oníbàtà, ó rí bọ́tìnnì kékeré kan lókè etí òsì.

"Ìwọ lo kó o ran ọmọ mi, ìwọ lo tún wá sọ fún mi," ni oníbàtà wí. "Ṣé kí n bú ẹ ni àbí kí n dúpẹ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn ná. Ẹ lè bú mi tẹ́ ẹ bá dé."

Oníbàtà gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó dé, ó bú u.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì. Ó dáná sun òòyà onígi àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ra òòyà oníke méjìlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ wọ́n, tó ń rẹ wọ́n sínú omi bílíìṣì lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. Ó pa òfin ọ̀gá rẹ̀ tì. Lọ́sẹ̀ tó ṣí padà, ó sọ fún oníbàárà kan pé kò ní fa irun iwájú rẹ̀ mọ́ títí kókó etí irun rẹ̀ á fi lọ. Ó sọ fún òmíràn pé orí rẹ̀ fẹ́ dókítà. Ẹni àkọ́kọ́ jókòó. Ẹnì kejì sọdá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì títì. Ìròyìn òòyà náà ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

Màmá Aránṣọ kò lé e jáde. Ó kàn ń ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín wọn. Onídìrí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀: "Tíńtín, ṣé o ti gbé oògùn mì? Ya ẹnu, jẹ́ kí n rí i."

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé. Hóró oògùn tán, ilé ìwòsàn sì ní ó tó. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, Màmá Aránṣọ mú ọmọ náà gba ojú títì wá, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n ní ó ti san. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Bá mi wò ó."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò mú òòyà. Ó fi ìka ya irun náà díẹ̀díẹ̀, láti etí dé àtàrí. Wíwú ti lọ. Awọ ibẹ̀ ti mọ́. Irun tuntun ti bo gbogbo rẹ̀, ó kúrú, ó rọ̀, àyè kan kò ṣófo níbẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ṣé ó ti hù?" ni Màmá bèèrè.

"Ó ti hù, Màmá. Gbogbo rẹ̀ ló hù."

Màmá Aránṣọ mí kanlẹ̀.

"Mo dúpẹ́ ti abẹ ọjọ́ yẹn," ó wí. "Ṣùgbọ́n ibòmíràn la ó ti máa di irun rẹ̀."

"Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù kan sí i kí wọ́n tó dì í. Kí wọ́n sì má fà á."

"Mo gbọ́."

Tíńtín fi ọwọ́ pa àárín orí rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú jígí, ó sì sáré jáde.