Kí Wọ́n Tó Gbà fún Ìdẹ̀ra

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìdẹ̀ra. Ara rẹ̀ tóbi, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu, ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ bá gbà pé ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn ni. Wọn ò mọ̀ pé láràárọ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì á kó wọn wá, ẹ̀rọ á fọ̀ wọ́n, Ìdẹ̀ra á fà wọ́n jáde ní tútù, á gbé wọn lọ fún àwọn tó ń lọ aṣọ. Aṣọ tútù wúwo, ooru ibẹ̀ ò sì ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Ó fẹ́ yí padà pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, orúnkún ní òun ò lọ mọ́, Ìdẹ̀ra sì rọra wálẹ̀, ó jókòó sáàárín omi ọṣẹ. Ó gbìyànjú títí láti dìde, kò ṣeé ṣe. Ni wọ́n bá pé lé e lórí. Àwọn kan dì í lápá mú, àwọn kan fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, wọ́n ń fà á bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀.

“Àtàrí àjànàkú!” ni ọ̀gá ilé ìfọṣọ ń pariwo. “Kì í ṣe ẹrù ọmọdé o!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ìdẹ̀ra ló ga jù.

Nígbà tí ó délé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ bọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ ló kúnlẹ̀ bá a bọ́ ọ, pẹ̀lú pé mímí ti ń ni òun náà lára.

“Ó ti sú mi,” ni Ìdẹ̀ra wí.

“Kí ló sú yín, Àǹtí mi?”

“Èmi fúnra mi.”

Àwọn méjèèjì ló ń gbé inú ilé oníyàrá méjì náà látìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ọkọ Ìdẹ̀ra ti di olóògbé, àbúrò kò sì lọ́kọ. Alásè ni àbúrò ní ilé ìwé kan. Bó bá sè fún ọmọ ọlọ́mọ tán lọ́sàn-án, á tún wálé wá dáná fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ tóbi bí ti ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá jókòó kojú síra wọn nídìí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò ní rí ògiri tó wà lẹ́yìn wọn. Kò sí ohun tí wọ́n ń fi ìgbà yẹn ṣe ju kí wọ́n jẹun, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ dá ara wọn lẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì tún bu díẹ̀ sí i.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà kì í pariwo sọ̀rọ̀. Ó ya àwòrán kékeré kan fún Ìdẹ̀ra.

“Àpò oúnjẹ tó wà nínú yín rèé, mà. A máa gé èyí tó pọ̀ jù kúrò níbẹ̀, ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ẹ ò ní lè jẹun púpọ̀ mọ́, ebi ò sì ní máa pa yín bíi ti tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ ti gbà nìyẹn?”

“Ó tì o. Èmi nìkan kọ́ ni mo ń gbà á. Àwa mélòó kan la máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín.” Ó wá ṣàlàyé. Ó máa rí onímọ̀ oúnjẹ. Ó máa rí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Wọ́n máa yẹ oorun rẹ̀ wò. Òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ kù lára kí wọ́n tó lè mú abẹ.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi,” ni Ìdẹ̀ra wí. “Kí ẹ tó bá mi dín ara kù, ẹ ní kí n kọ́kọ́ lọ dín in kù?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Bó ṣe rí nìyẹn, mà.”

Báyìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọsibítù. Bó bá gba ìsinmi ọjọ́ kan, ọsibítù. Àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ní apá lọ́tùn-ún lósì, kò gbà á, ògiri ló ń fara tì dúró títí wọ́n á fi pè é. Onímọ̀ oúnjẹ, ọmọbìnrin kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jẹ òkèlè kékeré, kí ó rún un títí á fi rọ̀ lẹ́nu, kí ó má sì máa fi omi lé oúnjẹ. Ó ní kó jìnnà sí ohunkóhun tó bá wọ inú òróró gbígbóná. Àwọn tó yẹ oorun rẹ̀ wò lẹ wáyà mọ́ ọn lórí àti láyà, wọ́n ní kó sùn. Ohun tí wọ́n rí ni pé èémí rẹ̀ máa ń dá dúró lójú oorun. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn, tí wọ́n ń dè mọ́ imú sùn. Ó lò ó díẹ̀, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni tí wọ́n dì lókùn, ló bá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọkùnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ti hu ewú. Ó bi í pé, “Kí lẹ máa ń jẹ bí inú yín ò bá dùn?”

“Ohun tí mo máa ń jẹ bí inú mi bá dùn náà ni, sà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. “Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ta ló máa wà pẹ̀lú yín nílé?”

“Àbúrò mi.”

“Ṣé ó fẹ́ kí ẹ ṣe é?”

Ìdẹ̀ra wo fèrèsé.

Ohun tí kò lè sọ ni pé láti ọjọ́ tó ti dárúkọ iṣẹ́ abẹ nílé ni àbúrò rẹ̀ ti fajú ro. “Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Àǹtí mi,” ló wí.

“Orí kọ́ ni wọ́n fẹ́ bẹ́. Ikùn ni.”

“Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Ó sì gbé àwo wá. Ẹran díndín ló kún inú rẹ̀, òróró ṣì ń ho létí rẹ̀. Ìdẹ̀ra ní òun ò jẹ. Àbúrò ò bá a jà. Ó kàn jókòó, ó káwọ́ lérí, ó ń wo àwo náà bí ẹni tí àlejò rẹ̀ kọ̀ láti wọlé. Ìdẹ̀ra mú ẹyọ kan. Ó tún mú ìkejì. Bó ṣe ń rí lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ibi iṣẹ́, kò sì ní agbára tí yóò fi kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn dókítà jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò gbà. Ara rẹ̀ kò dín kù, ńṣe ló tún fi díẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ oorun náà sì ti tú u fó, nítorí pé ó máa ń rántí ìgbà tí wọ́n lò ó àti ìgbà tí wọn ò lò ó.

“Kì í ṣe pé a kọ̀ yín, mà,” ni dókítà wí jẹ́jẹ́. “A ní kí ẹ dúró ná ni.”

Ìdẹ̀ra dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń rìn.

Nílé, ó ròyìn fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó yíjú sídìí ààrò. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ẹnu. Orin náà ni Ìdẹ̀ra gbọ́ tí inú fi bí i.

“Inú ẹ dùn.”

“Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń sọ yìí?”

“Inú ẹ dùn pé wọn ò gbà! O mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń din ẹran kalẹ̀ fún mi!”

Àbúrò ju ṣíbí sílẹ̀. “Ṣé mo rọ ọ́ sí yín lẹ́nu ni? Ẹ fẹ́ lọ di ẹlòmíì. Ẹ máa rù, ẹ máa ra aṣọ tuntun, ẹ máa gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. Èmi ńkọ́? Ta ni mà á bá jókòó jẹun? Bí ẹ bá wá kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn ńkọ́, ta lẹ fi mí sílẹ̀ fún?”

“Mi ò fẹ́ di ẹlòmíì,” ni Ìdẹ̀ra wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo kàn fẹ́ máa bọ́ bàtà mi fúnra mi ni. Ó ti rẹ̀ mí, ìwọ ọmọ yìí. Ó rẹ̀ mí.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìkòkò méjì ló wá ń wà lórí ààrò kan: ti Ìdẹ̀ra, ẹ̀fọ́ àti ẹyin bíbọ̀, ti àbúrò, ohun tó wù ú. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, ẹ káàárọ̀ mà, o jíire, ó parí síbẹ̀. Àbúrò sì ń bá a bọ́ bàtà lálaalẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn ló le jù fún Ìdẹ̀ra.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Ìdẹ̀ra sùn lọ lórí àga. Àbúrò jókòó nídìí tábìlì, ó ń ṣa ìrẹsì. Híhanrun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ́ ọn létí tó bẹ́ẹ̀ tí kì í gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí ó dákẹ́ ló tó gbọ́. Ó gbójú sókè. Ẹnu Ìdẹ̀ra là sílẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò wọlé. Àbúrò ń retí rẹ̀. Kò dé. Ó ti dìde kí Ìdẹ̀ra tó já èémí kan gbà bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi, kí híhanrun sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dákẹ́.

Bí ìyá wọn náà ṣe máa ń sùn nìyẹn. Ọ̀sán ni ìyá wọn sùn tí kò jí mọ́. Àwọn ènìyàn ní ikú ìrọ̀rùn ni, àwọn méjèèjì sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àbúrò jí i. “Àǹtí mi! Àǹtí mi, ẹ dìde!”

“Kí ló dé? Kí ló ń jó?”

“Kò sí nǹkan tó ń jó.” Ó ti sáré wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ẹ̀rọ náà jáde, ó gbé e wá, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku kúrò lára rẹ̀. “Báwo ni wọ́n ṣe ń de nǹkan yìí?”

Ìdẹ̀ra wo ojú rẹ̀. Ó fi bí wọ́n ṣe ń dè é hàn án.

Láti ọjọ́ náà, Ìdẹ̀ra kò sùn nílé láìde ẹ̀rọ. Àbúrò rẹ̀ ni kò gbà fún un. Ìkòkò padà di ẹyọ kan. Èmi ò ní pa irọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ẹ̀fọ́ yẹn sú àwọn méjèèjì, àbúrò sì máa ń sọ pé bí òun bá gbé e fún àwọn ọmọ ilé ìwé, òbí wọn á wá fi ọlọ́pàá mú òun. Ṣùgbọ́n ara Ìdẹ̀ra bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí omi ń fà lára aṣọ lọ́jọ́ tí kò sí oòrùn.

Nígbà tí wọ́n tún pè é, ọkùnrin eléwú náà ní kó mú ará ilé rẹ̀ kan dání. Àbúrò wá. Dókítà, onímọ̀ oúnjẹ àti ọkùnrin náà jókòó sí apá kan, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí apá kejì.

“Kí lẹ rò nípa iṣẹ́ abẹ yìí?” ni ọkùnrin náà bi àbúrò.

“Mi ò fẹ́ ẹ.”

Ìdẹ̀ra di ojú rẹ̀.

“Ẹ bi mí ni, òótọ́ ni mo sì ń sọ,” ni àbúrò wí. “Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ bó ṣe ń mí. Ohun tí ẹ bá ní kí n sè ni mà á sè. Bó bá jẹ́ omi nìkan lẹ ní kó máa mu, mà á jókòó, mà á bá a mu omi.”

Onímọ̀ oúnjẹ wo dókítà. Wọ́n ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ dúró níta. Wọ́n fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dókítà fi yọjú fúnra rẹ̀.

“A ti gbà, mà. A máa ṣe é.”

“Ọpẹ́ o!” Àbúrò ló kígbe, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tí igbe náà ya òun gan-an lẹ́nu.

Ìdẹ̀ra ò pariwo. Ó ti rò pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹsẹ̀ òun á fúyẹ́. Ẹsẹ̀ náà kò fúyẹ́. Gbogbo àárẹ̀ tó ti ń lé sẹ́yìn látọjọ́ yìí ló já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ṣé kò sí nǹkan, mà?” ni dókítà bi í. “Àwọn ẹlòmíì máa ń sunkún.”

“Mà á sunkún tó bá yá, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mo lè jókòó sí.”

Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan tí kò lápá wá fún un láti yàrá kejì. Ibẹ̀ ló wà tí dókítà fi sọ ohun tó kù fún un: bí ọjọ́ bá ti súnmọ́lé, nǹkan olómi nìkan ni kó máa mu, kó tọrọ ìsinmi níbi iṣẹ́, kó má ṣe gbé ẹrù. Àbúrò ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, wọn ò lè jókòó pọ̀. Wọn ò jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì rí. Ìjókòó tó ń gba ènìyàn méjì kò gbà ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Àbúrò wà lọ́tùn-ún, Ìdẹ̀ra wà lósì, àwọn èrò ń gba àárín wọn kọjá.

“Àǹtí mi!” ni àbúrò pè é láti òdìkejì. “Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?”

“Bóyá lọ́la. Ó rẹ̀ mí jù lónìí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi o.”

“Mo mọ̀.”

Bọ́ọ̀sì dúró, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbéra. “Kí ni kí n sè fún wa lálẹ́?” ni àbúrò tún bi í.

“Ohun tó bá wù ẹ́.”

“Òróró ò ní sí nínú ẹ̀ o.”

“Ó dáa,” ni Ìdẹ̀ra wí, ó sì gbé orí lé gíláàsì fèrèsé.

Àbúrò sọ fún obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti ń dé òpin ọ̀nà, kó bá òun pariwo, nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń sùn yẹn, òun ò sì fẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀.