Ohùn Tíńtín ní Aago Mẹ́rin Ìrọ̀lẹ́

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Mosúnmọ́lá Fájánà fi jẹ́ Tíńtín. Tíńtín ni ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ inú katúùn tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìràwọ̀-Àárọ̀ máa ń gbé jáde l'Ábẹ́òkúta ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán rẹ̀ ní yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá ló ni ohùn rẹ̀. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó máa ń fò sókè níparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Bí ó bá gbàgbé ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, tó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé á yíjú padà, wọn á máa wá ọ̀kẹ́rẹ́ kiri abẹ́ àga.

Nǹkan tí Tíńtín ń ṣe nígbà náà kò ju kó fọ eyín rẹ̀ lọ, kó kọ́ bí a ṣe ń ka nǹkan, kó sá fún òjò, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àmì róbótó kan wà ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n, àwọ̀ ewé ni, wọ́n kọ ọ́ sí i pé gbogbo ọmọdé ló lè wò ó. Màmá Lois Olúbọ̀dé ló ń ka ìwé eré kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bíírò pupa kò sì kúrò lọ́wọ́ wọn títí dòní. Wọn á fa ìlà sórí gbólóhùn kan, wọn á wo Mosúnmọ́lá láti òkè gíláàsì wọn.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ń gbọ́ ọ o," ni wọ́n máa ń sọ.

Ní oṣù kìíní ọdún, ilé iṣẹ́ náà gba máníjà tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó pe gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ kẹta tó dé.

"Àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Tíńtín pẹ̀lú yín ti pé ọdún méjìlá, mẹ́tàlá báyìí," ó ní. "Wọn ò wò wá mọ́. Fóònù ti kó wọn lọ. Mo fẹ́ kó wọn padà, ohun tí wọ́n sì ń wá kiri lórí fóònù yẹn, ẹ̀rù ni."

Màmá Lois ní, "Àwọn kékeré tó ń wò ó lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Àwọn náà á dàgbà, mà."

"Ẹ jẹ́ ká sún un sí aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà náà."

Ọbáfẹ́mi mi orí. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tó ń polówó nínú ètò náà ti gba aago mẹ́rin títí ọdún á fi parí, kò ṣeé yí. Àmì igun yẹn nìkan ni wọ́n á yí. Wọ́n yí i lóòótọ́. Àwọ̀ ewé di àwọ̀ yẹ́lò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá sókè, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé èèyàn ní láti dìde sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó tó rí i kà. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwé eré kò ti kọ́kọ́ dé ọwọ́ Màmá Lois mọ́. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá gba ohùn tán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn.

Igbó tí Tíńtín ń gbé ṣú. Ewé orí igi di àwọ̀ eérú. Ohun kan sì wọ inú ìtàn náà tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀ rí. Agbóhùnwọ̀ ni wọ́n pè é, nítorí pé bí èèyàn ṣe ń wọ aṣọ ló ṣe ń wọ ohùn ẹlòmíràn. Yóò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò máa fi ohùn ẹni tí ọmọ fẹ́ràn jù pe ọmọ jáde. Ní apá kejì, Tíńtín sá sínú ihò igi, ìyá rẹ̀ ń pè é níta, ó sì kọjú sí àwọn tó ń wò ó, ó rọra sọ̀rọ̀ sí wọn létí:

"Ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ohùn ìyá mi ni, àmọ́ kì í ṣe ìyá mi."

Nígbà tí Mosúnmọ́lá sọ ọ́ sínú maikirofóònù, irun ọwọ́ rẹ̀ dìde. Ayọ̀dèjì tó ń gba ohùn sílẹ̀ yọ ohun tó fi bo etí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí gan-an."

Inú Mosúnmọ́lá dùn. Kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Ìgbà tó yá ni ìdùnnú yẹn wá ń tì í lójú.

Òwu ló ń gbé, ní yàrá kan nínú ilé tí Bùsírátù onídìrí àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà, Àfúsá, ọmọ tó máa ń dáhùn kí a tó pè é tán. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejì, kò dáhùn ìpè àkọ́kọ́ mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é láti ṣọ́ọ̀bù, yóò dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, yóò béèrè pé, "Kí ni mo jẹ láàárọ̀?" Bí ìyá rẹ̀ bá ní ògì àti àkàrà ni, á jáde.

"Ọmọ yìí ti di ọlọ́pàá mọ́ mi lọ́wọ́," Bùsírátù ń rẹ́rìn-ín. "Ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi."

Mosúnmọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń gbọ́ irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ládùúgbò. Ọmọ kan kọ̀ láti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kúrò níléèwé. Àwọn ìbejì kan ní ilé kejì ń sùn sábẹ́ ibùsùn.

Ó lọ bá Ọbáfẹ́mi. "Ọ̀gá, àwọn kékeré ń wo nǹkan yìí o."

Ọbáfẹ́mi na fóònù rẹ̀ sí i kó wo iye àwọn tó ń wò wọ́n. Ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. "Àmì wà níbẹ̀, Mosún. Òbí ló yẹ kó kà á."

Lọ́jọ́ Ajé, ìwé eré ti ọjọ́bọ̀ dé. Mosúnmọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Agbóhùnwọ̀ ti rí Tíńtín mú, ó sì ti gba ohùn tirẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, Tíńtín ni yóò sọ ọ́: "Láti òní lọ, bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi kọ́."

"Ṣé ẹ ti ṣetán, Àǹtí?" Ayọ̀dèjì béèrè.

Kò ṣetán, àmọ́ ó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún nígbà tó gbọ́ igbe láti ìta. Èéfín dúdú ń gba àárín irin ojú fèrèsé Bùsírátù jáde. Bùsírátù wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lù ú. Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó sáré lọ ra ọṣẹ fún oníbàárà kan lódìkejì títì, ọ̀rọ̀ sì fà á pẹ́ díẹ̀. Àfúsá ti há ilẹ̀kùn láti inú. Ilẹ̀kùn irin ni. Láwàlì tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, àmọ́ kò sí iná mànàmáná, ó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kò dáhùn. Àwọn kan ń da omi gba ojú fèrèsé, omi náà kò sì dé ìdí àdògán.

"Àfúsá! Màmá rẹ ni! Ṣílẹ̀kùn, Àfúsá mi!"

Láti inú, láàárín ikọ́, ohùn ọmọ náà jáde. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ohùn màmá mi ni, àmọ́ ẹ kì í ṣe màmá mi."

"Ògì lo mu láàárọ̀! Ògì àti àkàrà! Bùsírátù ni mí, èmi ni mo bí ọ!"

"Agbóhùnwọ̀ mọ gbogbo nǹkan," ọmọ náà ní.

Mosúnmọ́lá ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi tí Bùsírátù kúnlẹ̀ sí, ó fi ẹnu mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́. Ohùn Tíńtín kò gbọ̀n. Ó jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó fò sókè níparí ọ̀rọ̀.

"Àfúsá? Tíńtín ni o. Mo ti lé e lọ. Kò sí níbí mọ́. Fa irin yẹn, kó o jáde wá bá mi."

Gbogbo èèyàn tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí irin ń họ ara wọn. Ilẹ̀kùn ṣí, èéfín tú jáde, ọmọ náà sì ṣubú sọ́wọ́ Mosúnmọ́lá pẹ̀lú ojú tó ń ṣomi. Kò wo ìyá rẹ̀. Ó ń wá ọ̀kẹ́rẹ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ní "ẹ kú ewu" ni Àfúsá ń sọ fún pé Tíńtín ló yọ òun, Tíńtín ń gbé inú ọ̀fun Àǹtí Mosún. Kò jẹ́ kí Mosúnmọ́lá lọ. Ó di ìka rẹ̀ mú títí oorun fi gbé e.

Lọ́jọ́rú yẹn náà, Mosúnmọ́lá àti Màmá Lois lọ bá Ọbáfẹ́mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó dà bí ẹni pé ó dùn ún lóòótọ́.

"Ẹ fún ìyá ọmọ náà ní nọ́ńbà mi," ó ní. "Àmọ́ ti ọ̀la ti kúrò lọ́wọ́ mi. A ti fi ìpolówó sí i, a ti fi ṣọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń gbé e sáfẹ́fẹ́."

"Ẹ yọ ọ́," Màmá Lois ní. "Ẹ fi èyí tó ti pẹ́ dípò rẹ̀."

"Mà, àwọn ọmọ ọdún méjìlá ti ń kọ ọ́ kiri pé àwọn ń retí rẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ nínú rẹ̀, Ọ̀gá?" Mosúnmọ́lá béèrè. "Ọmọ yẹn gbà mí gbọ́ lánàá ló ṣe wà láàyè."

Ọbáfẹ́mi wo tábìlì rẹ̀. Màmá Lois kọ lẹ́tà sí àjọ tó ń mójú tó ohun tí à ń gbé sáfẹ́fẹ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e lọ, àmọ́ aago mẹ́rin ọjọ́bọ̀ kò lè dúró de lẹ́tà.

Lọ́jọ́bọ̀, Bùsírátù yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti àárọ̀ ni kò ti sí iná, Mosúnmọ́lá sì ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀. Ó mú Àfúsá lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ń di irun bèbí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ariwo sọ ní gbogbo àdúgbò: wọ́n ti mú iná wá. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Rédíò kan sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni orin Tíńtín jáde láti ojú fèrèsé ilé kejì, láti ilé òkè, láti ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Jẹ́ ká lọ ra bísíkíìtì," Mosúnmọ́lá ní kíákíá. Ó dìde, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde sí títì, tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ilé tí wọ́n ń kọjá. Ó ń yára. Ó ń kọrin sókè kí ọmọ náà má bàa gbọ́. Nígbà tí èémí rẹ̀ já, tó dákẹ́ láti mí, ohùn tirẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé lápá ọ̀tún, ó kedere bí ẹni tó dúró tì wọ́n.

"Láti òní lọ, bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi kọ́."

Àfúsá dúró. Ó wo fèrèsé náà, ó gbójú sókè, ó wo ẹnu Mosúnmọ́lá. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì.

"Àfúsá, èmi ni. Àǹtí Mosún ni."

"Ta ló wá pè mí lọ́jọ́ yẹn?" ọmọ náà béèrè.

Ọmọ náà sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mosúnmọ́lá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí àwọn òbí mìíràn ti wá jà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, wọ́n gbé Tíńtín lọ sí aago mẹ́jọ alẹ́. Àmọ́ àwọn èèyàn ti gé apá ọjọ́bọ̀ yẹn sórí fóònù, wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn, kò sì sí aago lórí fóònù, kò sí àmì kankan nígun.

Lóṣù yẹn náà ni Bùsírátù fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn Mosúnmọ́lá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí Mosún, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ yọ ọmọ mi, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ bó bá ti gbọ́ ohùn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í sùn mọ́. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n."

"Mo gbọ́," Mosúnmọ́lá ní. Ó ti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Wásinmi, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ń dáko. Láwàlì bá a gbé àpótí. Àwọn ọmọ àdúgbò jáde wá wò ó, wọ́n tó mẹ́wàá, àwọn ìbejì wà níbẹ̀, Àfúsá wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sí èyí tó sún mọ́ ọkọ̀. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Mosúnmọ́lá fẹ́ sọ fún wọn pé ó dàbọ̀. Ó ronú sí i, ó gbé ọwọ́ sókè, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ó sì wọlé sínú ọkọ̀.