Koríko Tí Mo Fi Pè É Wá Jẹun

Wọ́n ní kí n máa fi "wọn" pe Jọláyẹmí, torí àbúrò ọkọ mi ni, ó sì ti wà nílé kí n tó wọlé. Lójú rẹ̀, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn tèmi, n kò ní ṣe é.

Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ mi, Oyèwálé, kú ní Inísà. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Ẹ̀bùn, obìnrin. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí Jọláyẹmí ti pín oko. Àkùrọ̀ etí odò Ọ̀tìn tí Oyèwálé fi gbogbo ayé rẹ̀ ro, ó ní tòun nìyẹn. Ó wá fún ọmọ mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Òkúkù, ilẹ̀ tí òwú ti lò gbó, tó ti ṣá, tó ku yangí lásán. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kúkú gbin ọsàn síbẹ̀. Ó ní obìnrin kì í gbin igi sórí ilẹ̀ ẹbí, torí ẹni tó bá gbin igi ti sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín níwájú àwọn àgbà.

"Ìyàwó, bí o bá rí nǹkan jẹ níbẹ̀, pè mí kí n wá bá ọ jẹ."

Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó ní n kò gbọdọ̀ gbin igi, kò sọ pé n kò gbọdọ̀ gbin koríko. Ta ni yóò tilẹ̀ rò ó? Ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Ìgbàyè máa ń sọ pé ọ̀dá kì í pa bẹẹrẹ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ síbi tí ọkọ́ kò dé. Mo ń wú bẹẹrẹ àti eéran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo ń gbìn wọ́n ní ìlà-ìlà dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kí àgbàrá má baà rí ọ̀nà gbà. Mo fọ́n èso àlùpàyídà àti òdòdó ìgbẹ́ mìíràn tí n kò mọ orúkọ wọn sáàárín. Ará Inísà ní orí mi ti dàrú: gbogbo àgbẹ̀ ń pa koríko, èmi ń gbìn ín. Bí orúnkún bá dùn mí, màá dárúkọ Jọláyẹmí, màá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́dún kẹta, oyin dé. Lọ́dún kẹrin, ilẹ̀ dúdú, ekòló ń yọjú. Ọdún òmìnira ni ọ̀dá mú, àgbàdo oníkálukú gbẹ, òkè tèmi nìkan ló tutù. Iṣu díẹ̀ tí mo gbìn sáàárín koríko ta dáadáa. Mo gbé èyí tó tóbi jù lọ sílé Jọláyẹmí, mo kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, mo ti rí nǹkan jẹ. Ẹ ní kí n pè yín."

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi pe àwọn àgbà jọ. Ó ní ìpín àkọ́kọ́ kò dọ́gba, kí Ẹ̀bùn gba àkùrọ̀, kí òun gba òkè. Mo sunkún títí, mo tiẹ̀ yí nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n pa obì sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà láé. Wọ́n pa obì.

Mo mọ ohun tí yóò ṣe. Lójú àgbẹ̀ tiwa, ọ̀lẹ ni koríko ń bẹ lóko rẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn yẹn, Jọláyẹmí dáná sun gbogbo rẹ̀, ó sì hú gbòǹgbò dànù. Ǹ bá ti sọ fún un pé kó fi àwọn ìlà náà sílẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Iṣu ọdún àkọ́kọ́ dára, ó ń yangàn káàkiri. Òjò ọdún kejì gbé ilẹ̀ náà lọ pátápátá, yangí tún yọ eyín síta.

Ó wá bá mi ní àkùrọ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi "ẹ" pè mí.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èso koríko yín."

Àpò èso kan ń bẹ ní àjà mi.

"Ẹ ní kí n pè yín wá jẹun, mo pè yín. Ẹ sì ti jẹ ẹ́ tán."

Ó yí padà, ó gba ilé lọ. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọ̀nà Òkúkù kọjá, mo rí òkè tí mo fi ọdún mẹ́fà kúnlẹ̀ tọ́jú. Mo jókòó sórí yangí, mo sunkún. Jọláyẹmí kọ́ ni mo sunkún fún. Òun ló jẹ ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo bù ú fún un.