Oówo Inú Ọ̀fun Àǹtí Búrèkì

Gbogbo ayé ló ń fi ẹnu jẹun. Àǹtí Búrèkì tún ń fi tiẹ̀ wá oúnjẹ. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí kò yẹ, igbe rẹ̀ ló máa ń dá ọkọ̀ dúró kí búrèkì tó mú.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀fun rẹ̀ wú lápá kan. Ara rẹ̀ gbóná, itọ́ ò ṣeé gbé mì, ó ń tu ú sínú aṣọ ìnujú. Bó bá sọ̀rọ̀, á dà bí ẹni tó ki òwú bọnu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà ṣì ń kọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló wa ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fẹ́ gun etí títì, Àǹtí la ẹnu gbàgà, ó pariwo, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pé, ní ó jọ pé oówo ti so lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèlúbèlú rẹ̀. Bí ọyún bá ti gbára jọ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ lòun máa fi fà á jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹran ara lásán ló wú, oògùn ti tó. Ó ní kó la ẹnu. Èyí tí Àǹtí Búrèkì là, ìka kan ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù. Lójú tiẹ̀, ibi tí dókítà ò bá rí, kò lè gún un.

"Àǹtí, ẹ la ẹnu jù báyìí lọ nínú ọkọ̀ o," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Àǹtí wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà ò bá wọn dá sí i. Ó fa ẹ̀rọ síkáànì sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á lọ́rùn lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì gbé orí ẹ̀rọ náà lé e láti ìta. Ẹnu lílà ò sí níbẹ̀ rárá. Adágún dúdú kan hàn lójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan roboto kan ń lù kì, kì, kì.

Dókítà ní ọyún ni adágún yẹn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lèyí tó ń lù. Bí wọ́n bá sì fi ọyún náà sílẹ̀, ó lè dí ọ̀nà èémí. Ṣùgbọ́n iṣan yẹn ni Àǹtí tẹjú mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà ńkọ́? Ó na ìka sí i, ó mi orí.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú. Ó wọn bí iṣan náà ṣe jìnnà tó lójú ẹ̀rọ, ó gé ìdérí abẹ́rẹ́ kúrú, ó dé e padà, tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó díẹ̀ ló yọ síta.

"Ẹ wò ó, mà. Èyí tó yọ síta yìí nìkan ló lè wọlé. Kò lè dé ọ̀dọ̀ iṣan yẹn láéláé."

Àǹtí wo abẹ́rẹ́, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún wo abẹ́rẹ́. Ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì la ẹnu. Ó dùn ún, àmọ́ ó là á. Dókítà fín oògùn amárakú sí i, ó gún un, ó fà. Ohun tó wọ inú sírínjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣàpèjúwe fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun fẹ́ jókòó.

Kò pẹ́ tí Àǹtí fi gbé itọ́ mì. Wọ́n fún un lómi, ìyẹn náà lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti tán.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ohùn Àǹtí ti ń là bọ̀. "Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn padà wá, kí n fojú ara mi rí i."

Dókítà gbé e padà. Adágún náà ti di pẹlẹbẹ bí àpò tí wọ́n da inú rẹ̀ nù. Àǹtí wò ó títí, ó ní ó dáa, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ nu ọrùn rẹ̀.